Ìka Òjò Mẹ́ta Ààbọ̀

Wọn ò bí ẹ̀rù òjò mọ́ mi. Ní Kétu tí mo ti wá, lọ́hùn-ún lábẹ́ ìjọba tó ń sọ Faransé, òjò là ń bẹ̀. Orí òkè nìlú wa wà, odò jìnnà sí wa, kànga sì jìn débi pé bí o bá ju okùn sísàlẹ̀, o lè ka oríkì bàbá rẹ tán kó tó kan omi. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo ilé á sáré kó ìkòkò àti garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ọmọ tó bá ní kí òjò dá kóun lè lọ ṣeré, ìgbájú ni. Ìgbà tí mo wá dé Ajégúnlẹ̀, tí mo rí omi tó dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sínú yàrá mi láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́, mo rò pé ayé ti parí ni.

Bí mo ṣe dé ò ṣe pàtàkì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo dé. Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mo fi Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi àti Fẹ́mi ọmọ ọwọ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ìwé díẹ̀ tí mo kà ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà mí sílé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, ní Àpápá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka páálí bí wọ́n ṣe ń dì í sórí tírélà. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, bí èèyàn bá ṣáà wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé mo rò pé Yorùbá ni mò ń sọ títí mo fi dé Èkó. Lọ́jọ́ kìíní tí mo lanu níbi iṣẹ́, àwọn alábàárù fi páálí sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́ ará Kútọnu o!" Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, mo sì sùn nínú ọkọ̀ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ó dáa, Kútọnu, a ti gbọ́.

Ilé tí mo gbà yàrá sí, yàrá méjìlá ni, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, àgbàlá kan láàárín. Ìlú àwa ayálégbé yàtọ̀ síra, èdè wa yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ kan ṣoṣo là ń bá ara wa jà sí. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹ̀bí ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọmọ ẹ̀yà Ijaw ni, ẹja ló ń yan tà, orí omi ni wọ́n sì bí i sí ní tòótọ́, nínú ọkọ̀ ojú omi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run fi èmi tí mò ń bẹ̀rù ọ̀gbàrá hàn.

Àwọn ará ilé ti sọ fún mi pé omi máa ń wọlé níbẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó bá mi nílé, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Kò tíì rọ̀ tó àkókò tí èèyàn fi ń mu tíì kan tán, mo ti gbé tìmùtìmù lé tábìlì, mo gbé àpótí lé tìmùtìmù, mo gbé sítóòfù lé àpótí, èmi fúnra mi gun gbogbo rẹ̀, mo fi aṣọ so ìwé ìwọ̀lú mi mọ́rí bíi gèlè. Mo dúró síbẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo Màmá Ẹ̀bí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń yí ẹja padà lórí iná bí ẹni pé ọ̀yẹ́ ló ń fẹ́.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. "Kutonu! Wetin you dey do for up there?"

"Omi ń bọ̀, Mà."

"Which water? Na rain be this, e no be soldier. Come down before that table kill you."

Omi ò wá. Òjò dá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, tírélà mẹ́rin ti jáde láìsí ẹni tó ka ẹrù inú wọn. Ọ̀gá wa kì í pariwo, ohun tó sì mú kó burú nìyẹn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Òjò rọ̀ nílé tiwa náà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo kọ́gbọ́n. Nígbà tí òjò kejì bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán Sátidé ni, mo ní mi ò ní í tún fi ara mi ṣẹ̀sín. Mo jókòó bí ọkùnrin, mo gbé ẹ̀bà síwájú. Kí n tó gé òkèlè kẹta, sálúbàtà mi ti ń wẹ̀ kọjá lábẹ́ tábìlì, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo máa fo dìde, tìmùtìmù ti mu omi yó. Màmá Ẹ̀bí yọjú wò mí látẹnu ọ̀nà. Gbogbo ẹrù tiẹ̀ ti wà lókè, mi ò mọ ìgbà tó gbé wọn. Ó ní, "Today wey you for climb, you sit down dey chop."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe omi gan-an ló ń pa mí. Àìmọ̀gbà ni. Àwọn yòókù mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Wàá kàn mọ̀ ni." Mo wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mi ò kàn mọ̀.

Ìròyìn sì ti dé Kétu ṣáájú lẹ́tà mi. Láyé ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní láti lọ sílé tẹlifóònù kan lẹ́bàá èbúté, kí n pe ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, kí wọ́n wá rán ẹnì kan lọ pe bàbá ìyàwó mi, kí n tún pè padà. Obìnrin kan tó ń so okùn wa pọ̀ ní Kútọnu á sì máa já wọ àárín ọ̀rọ̀: "Nẹ kité pà, nẹ kité pà." Faransé ni, ó ní ká má lọ. Òun gan-an ló sì máa ń gé wa.

"Ta nìyẹn?" Ohùn bàbá ìyàwó mi nìyẹn.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ilé o."

"Gbóhùn sókè! Àbí omi ti wọ̀ ọ́ létí?"

Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́.

"Wọ́n ní omi ń wọ yàrá rẹ."

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, Bàbá."

"Ìgbà wo ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Bí òjò bá rọ̀."

"Gbogbo òjò?"

"Rárá o, Bàbá. Kì í ṣe gbogbo òjò."

"Òjò wo?"

Mo fi ọwọ́ kan tẹ etí kejì bí ẹni tí ò gbọ́.

"Fetí sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Lọ́jọ́ tí o bá lè sọ fún mi pé irú òjò báyìí ló ń gbé omi wọlé, irú báyìí kì í gbé e, lọ́jọ́ kejì ni màá fi ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ sọ́kọ̀. Bí o ò bá lè sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́ ò kúrò nílé mi. Mi ò bímọ fún ẹja."

Mo rìn padà sílé láti Àpápá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀sán gangan, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Ajégúnlẹ̀ ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìyàwó ilé ń dín ata, gbogbo ọkọ ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jẹun. Èèyàn pọ̀ ní títì débi pé èjìká mi ń kan ti elòmíràn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè sọ pé ó mọ ìyá mi. Mo ra àkàrà, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró. Bí èèyàn bá jókòó jẹun lóun nìkan, ó máa ń dà bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ.

*

Ní ibi iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí là ń pè ní Bàbá Sítọ̀. Ọmọ Olódì-Àpápá ni, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alhájà sì nìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jọ ṣe ọdún méjèèjì, wọn kì í fi ẹran kankan ṣòfò. Páálí ọṣẹ ló pọ̀ jù ní sítọ̀ wa. Bí wọ́n bá tò ó ga jù, ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀. Àwọn ọ̀gá òkè ní ká má tò ó kọjá orí èèyàn, àwọn alábàárù ní ká tò ó dé àjà. Bàbá Sítọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ń fi rúlà wọn gíga òkìtì, ó ń wọn bí páálí ìsàlẹ̀ ṣe tẹ̀ tó, ó ń fi bírò kán àmì sórí ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí kótókótó bí àwọ̀n ẹja.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó fi àwọn àmì náà hàn mí. "Wò ó. Láti ìsàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, bí òkìtì bá ṣe ń ga, páálí ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sókè, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ibi tí ìkíni ti di ìdọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ là ń wá."

Ọkàn mi fò sókè. "Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi wá irú ẹ̀ fún òjò?"

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Ohunkóhun tó bá ń pọ̀ sí i, tí ohun mìíràn ń tẹ̀ lé e, ó ṣeé wá. Kí ló ń ṣíwájú nínú tìrẹ?"

"Òjò."

"Kí ló ń tẹ̀ lé e?"

"Omi àgbàlá."

"Wọn méjèèjì wá."

Mo lọ wá agolo mílíìkì ńlá kan tó rí gbọọrọ láti ìdí dé ẹnu. Mo fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi pẹlẹbẹ kan, ìka kan sí ìka kan, ìka ọwọ́ mi gangan, láti fi wọn òjò inú agolo. Mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri balùwẹ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, ìka kan sí ìka kan, láti fi wo omi àgbàlá. Sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà mi ga ní ìka márùn-ún. Bí omi àgbàlá bá ti pé márùn-ún, ó ti di ayálégbé.

Níbo wá ni ọmọ Kétu máa gbé agolo òjò sí? Sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò náà ni. Ibẹ̀ la bá bàbá wa tó ń gbé e.

Òjò kan wá rọ̀ tí kò tó rẹ ewúrẹ́. Agolo mi kún, ó ń dà sílẹ̀. Mo sáré gbé ẹrù sókè. Òjò kejì rọ̀, àgbàlá ò ṣe ju pé ó tutù lọ, agolo tún kún. Lẹ́yìn ìkẹta, mo gbé ìwé mi lọ bá Bàbá Sítọ̀, mo ní, "Bàbá, ti Ajégúnlẹ̀ yàtọ̀. Òjò ìka mẹ́wàá ò lè rin ilẹ̀ níbẹ̀." Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní kí n máa wọ̀n ọ́n lọ ná.

Màmá Ẹ̀bí ló rí i. Ó ń fọ àwo kọjá, ó dúró, ó wo agolo, ó wo páànù òkè tí omi ti ń já sínú rẹ̀, ó gbé àwo sílẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín kó má bàa fọ́ ọ. "Kutonu! You carry tin put under roof! Na the whole zinc you dey measure so, no be rain!" Ó pe gbogbo ilé. Yàrá méjìlá ló wá wo agolo mi. Mo gbé e lọ sáàárín àgbàlá lójú gbogbo wọn, orí mi wà nísàlẹ̀, mo sì ya ìwé àkọ́kọ́ dànù.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo ní àmì mẹ́jọ. Méje nínú wọn kéré, òjò ìka kan, ìka kan ààbọ̀, méjì, kò sí èyí tó kọjá mẹ́ta. Ìkẹjọ ni ọjọ́ òjò ńlá: ìka márùn-ún nínú agolo, ìka mọ́kànlá lára ògiri. Mi ò ní sùúrù láti gbé e lọ bá Bàbá Sítọ̀. Èmi fúnra mi gbé rúlà, mo so igun ìwé, níbi tí òjò kò sí tí omi kò sí, mọ́ àmì ọjọ́ òjò ńlá. Ìlà kan ṣoṣo, ó tọ́ bí ọ̀nà rélùwéè. Mo wò ó níbi tó ti kan ìka márùn-ún ẹnu ọ̀nà: òjò ìka méjì àti díẹ̀. Ó parí! Bí òjò bá ti pé ìka méjì, kí n gbé ẹrù.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni omi ò wá. Mẹ́ta nínú rẹ̀ bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ní ìkẹta, ọ̀gá wa dúró dè mí lẹ́nu géètì. "Kútọnu," ó ní, jẹ́jẹ́, "bí òjò bá tún rọ̀ nílé yín tí kò rọ̀ nílé wa, jókòó tì í níbẹ̀. Má wá mọ́."

Èèyàn tí ò níṣẹ́ kì í pe ìyàwó wá sí Èkó. Mo gbé ìwé mi, mo lọ bá Bàbá Sítọ̀ nídìí ọṣẹ.

Ó wo ìlà mi títí. "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ni? Gbogbo àmì kéékèèké wọ̀nyí wà lábẹ́ ìlà rẹ, kò sí ọ̀kan tó kàn án. O fi ọjọ́ kan tí ẹ̀rù bà ọ́ ṣe adájọ́ gbogbo ọjọ́ yòókù." Ó fa igi ìgbálẹ̀ méjì yọ, ó tẹ́ wọn sórí ìwé. "Ọ̀nà méjì ni, tí wọ́n pàdé níbì kan. Ibi tí wọ́n ti pàdé la ò mọ̀. Torí náà, dá ibi kan yàn. Igi kan fún àwọn àmì ọwọ́ òsì, igi kan fún tọwọ́ ọ̀tún. Bí àmì kan bá ṣe jìnnà sí igi rẹ̀ tó, ẹ̀ṣẹ̀ igi náà nìyẹn. Fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ro gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, sún ibi ìpàdé, kí o tún rò ó."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí wàá fi rí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti kéré jù. Igi tí ò lẹ́ṣẹ̀ ò sí láyé yìí, ọmọ mi. Èyí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré la ń bá lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ igi. Ọwọ́ òsì dára, àwọn àmì tò sórí igi bí ẹyẹ lórí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìjà wà. Àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ òjò ńlá, bí mo bá sì ṣe yí igi náà, ó ń gba orí rẹ̀ kọjá láìlẹ́ṣẹ̀ kankan.

Bàbá Sítọ̀ mi orí. "Ẹlẹ́rìí kan ò tó. Wàá rí òjò ìka mẹ́ta ààbọ̀, wàá rí ìka mẹ́rin, kí igi ọ̀tún tó mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mi bí Ọlọ́run ṣe ṣe é. Èmi tí mo ń gun tábìlì nítorí ìrì, mo wá di ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀gbàrá. Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fún Alhájà Bàbá Sítọ̀ ní sàárà kó bá mi gbà á níbi tiwọn náà. Bí ìkùukùu bá kóra jọ lápá òkun, àwọn ará ilé mi ń ká aṣọ, èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbọ́ tí Màmá Ẹ̀bí ń sọ fún ẹnì kan pé àìrí ìyàwó ló fà á.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dé. Mo dúró sáàárín àgbàlá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, agboòrùn lọ́wọ́ kan, igi lọ́wọ́ kejì, mò ń pariwo: "Ìka mẹ́ta! Ògiri, mẹ́ta!" Lẹ́yìn èyí ni ìyípadà dé lójú mi kòrókòró. Gọ́tà àgbàlá tó ti ń gbé omi lọ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ yó, ikùn rẹ̀ kún, kò gbà mọ́. Òjò fi ààbọ̀ ìka lé e péré, ògiri fi ìka méjì sókè. "Mẹ́ta ààbọ̀! Ògiri, márùn-ún!" Òjò pé mẹ́rin, ògiri pé méje. Mo fi agboòrùn sílẹ̀, mo ń jó. "Ìka mẹ́rin! Ẹ wá wò ó o, ìka mẹ́rin gbáko!"

"Kutonu," ni Màmá Ẹ̀bí wí lórí àpótí tó jókòó lé, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "your bed dey float."

Òótọ́ ni. Mo gbàgbé láti gbé ẹrù.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tútù, ṣùgbọ́n mo tètè dé. Èmi àti Bàbá Sítọ̀ tẹ́ igi ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. A fi ìpàdé sí ìka méjì, ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. A fi sí méjì ààbọ̀, ó dín. A fi sí mẹ́ta, ẹ̀ṣẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A fi sí mẹ́ta ààbọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bàbá Sítọ̀ fi èékánná tẹ ibi ìka mẹ́ta. "Ibí ni gọ́tà yín ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀." Lórí igi ọ̀tún, omi kan ẹnu ọ̀nà mi ní ìka mẹ́ta ààbọ̀. Ìlà tí èmi fà ti fi ìka kan àti díẹ̀ jẹ mí níyà.

*

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ wá ibi tí ìlà tèmi fúnra mi ti tẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni àárò ilé ń pọ̀ sí i, mi ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí n má sọ pé "nílé wa lọ́hùn-ún." Ọjọ́ kan ní Creek Road, dírẹ́bà kan tó ti Òkè Ọya wá fi tírélà dí géètì wa. Mo bú sí i: "Ẹ̀yin àlejò yìí, ẹ ò mọ ọ̀nà, ẹ ó kàn máa wọ Èkó ṣáá!" Àwọn alábàárù yíjú sí mi, wọ́n kàn ń wò mí. Ojú tì mí. Ìlà àárò ilé mi ti tẹ̀ níbì kan, ó ti pẹ́, mi ò sì mọ ọjọ́ náà. Bí Bàbá Sítọ̀ ṣe wí ni: ẹni tó dúró lórí ibi tó tẹ̀ ò lè rí i. Àfi kí àmì wà lẹ́yìn, kó sì wà níwájú.

Mo pe Kétu. Wọ́n lọ pe Bàbá wá.

"Bàbá, mo ti rí i. Bí òjò bá pé ìka mẹ́ta ààbọ̀, omi á wọlé. Bí kò bá pé e, kò ní í wọlé."

"Ìka ta ni?"

"Ìka tèmi, Bàbá."

"Mo rántí ìka rẹ lọ́jọ́ ìdána. Ó tínrín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ìka kan náà ni mo fi wọn ògiri."

"Nẹ kité pà," ni obìnrin Kútọnu wí.

"Ìwọ náà dákẹ́, àna mi ń ṣírò!" Bàbá kígbe mọ́ ọn. Ó kọjú sí mi padà. "Irú òjò bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún?"

"Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bó bá ti pé mẹ́ta, tó ṣì ń rọ̀, a ó gbé ẹrù. Àyè wà."

"Ó dáa. Ilé tí omi ò wọ̀ rí, mi ò tíì rí i. Ọkọ tí ò mọ ìgbà ni mò ń sá fún. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé."

Wọ́n dé ní Sátidé náà, Àbẹ̀kẹ́ àti Fẹ́mi. Mo fi agolo hàn án, mo fi igi hàn án, mo tẹ́ ìwé sílẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́," bí èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọdé tó fi iyanrìn mọlé. Ó ní òun máa rí i bí òjò bá rọ̀. Ó ní ohùn bàbá òun ti yí padà báyìí, Bàbá ní bí Èkó ò bá gbé òun, kí òun máa bọ̀ nílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló rí i. Ọ̀sán Sátidé ni. Òjò ń dà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ. Ní ìka méjì, ó dìde. "Ṣé ká gbé e?"

"Jókòó."

Ní ìka méjì ààbọ̀, omi ti bo àgbàlá. Ó gbé Fẹ́mi sẹ́yìn, ó so ọ̀já. "Ẹ̀yin, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá ìwé lójú."

Mi ò lè purọ́ fún yín, mo ti di etí tábìlì mú. Gbogbo ara mi ló fẹ́ gun tábìlì. Ibi tí mo ti ń ronú pé bóyá agolo jò, Màmá Ẹ̀bí yọjú látẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ohun tí mi ò rò pé mo lè gbọ́ láyé mi.

"Oga Kutonu, abeg, how many finger?"

Àwọn méjì mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo jáde, mo ki igi bọ agolo, mo wò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì.

"Mẹ́ta gééré," mo ní. "Ó sì ń rọ̀ bọ̀. Ẹ gbé e."

Yàrá méjìlá gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ariwo. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ gbé tìmùtìmù, a gbé àpótí, a gbé ìrẹsì. Ó ku sítóòfù. Mo gbé e lé e, mo gbé ọwọ́ kúrò, omi sì gun sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ó wọlé wá jẹ́jẹ́, ó bo ẹsẹ̀ wa. Kò rí nǹkan kan mú. Ó yí yàrá ká lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Àbẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ mi tó tún ti di etí tábìlì mú, ó wá jókòó sétí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí Fẹ́mi fi jí lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sílé tẹlifóònù. Bàbá ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kí n gbé e fún ọmọ òun.

"Omi wọlé, Bàbá," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ní ìka tó sọ gan-an. Kò rin nǹkan kan."

Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́ ohùn Bàbá.

"Òun ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà á?"

"Ó ń bà á, Bàbá, ó ń bà á gan-an. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀."

Okùn tẹlifóònù hó díẹ̀. Mo rò pé obìnrin Kútọnu ti gé wa.

"Ó sàn jù mí lọ nígbà náà," ni bàbá ìyàwó mi wí. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò tíì mọ ti tèmi. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ nílé?"

Àbẹ̀kẹ́ wò mí.

"Ilé la wà, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá kí wa. Ẹ ṣáà má wá lóṣù kẹfà."